Ẹ̀rọ Atọpasẹ̀

Kákúrì ni mo ti rà á, bí ẹni ń ra pàǹtí irin;
wọ́n wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n àgbàdo.
Ilé iṣẹ́ aṣọ náà ti kú, àdán ló ń jọba níbẹ̀.
Ọkùnrin mẹ́fà, páìpù mẹ́rin, àdúrà ní èdè mẹ́ta,
ká tó tì í dé ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn Pàǹtẹ́kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀.
Ó ní ìka kan, irin tó ṣe ṣóńṣó bí ẹnu ìbákà,
tí í rìn lára àwòkọ́ṣe, jẹ́jẹ́,
bí afọ́jú ṣe ń fọwọ́ ka ojú ọmọ rẹ̀.
Ibi tí ìka bá gbà, ibẹ̀ ni eyín rẹ̀ yóò gbà.
Epo á sáré nínú rọ́bà,
á gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìka lọ bá eyín.
Bí àwòkọ́ṣe bá ní kókó, iṣẹ́ á ní kókó.
Kò béèrè ìdí rí.

Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ti jẹ ara rẹ̀ tán,
rọ́bà ti là bí gìgísẹ̀ nínú ọyẹ́.
Àwòkọ́ṣe kan ṣoṣo ni mo bá nínú àpótí ẹ̀yìn rẹ̀,
pákó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí i lára:
Zàmání, oṣù kejì.
Wọn ò kọ ọdún.
N kò mọ Zàmání. Mo mọ̀ pé ó máa ń tẹ pẹ́ńsùlù mọ́lẹ̀.

Hábílà, ọmọ iṣẹ́ mi, ní ká tà á fún àwọn tí ń yọ́ irin.
Mo ní, wo ojú irin tó ń rìn lé,
ó ṣì ń dán bí inú àwo tánganran.
Ẹran ló kú. Egungun wà láàyè.

Ọjọ́ mọ́kànlá la fi tú u.
A fa rọ́bà yọ bí ìfun àgbò Iléyá,
epo dúdú rọ̀ lé mi lórí,
Àṣàkẹ́ ní òun ò ní fọ ṣòkòtò yẹn láéláé.
Mo yọ síkúrù gígùn lára ẹ̀rọ ìyírin kan tó ti dákẹ́,
mo fi idẹ gbẹ́ nọ́ọ̀tì fún un.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbẹ́ ẹ jù; ìkẹta ló gbọ́ tèmi.
Kẹ̀kẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ara fáàfù omi ìjọba ló ti wá.
Ẹ má bi mí bí mo ṣe rí i.

Lọ́jọ́ tí iná dé, mo ní kí Hábílà yí i.
Ó yí i. Tábìlì kò mira.
Ó yí i sí i, bí ìdá mẹ́rin ìyí kan,
ìgbà náà ló tó ṣí kúrò lójú kan,
bí arúgbó tí a ní kó dìde, tó kọ́kọ́ ń wá ọ̀pá.
“Ọ̀gá, ó ń ronú.”
Sánnú-sánnú, ni mo fi dá a lóhùn.
Ogójì ọdún ló fi tẹ̀ lé pákó;
ẹran ara ló ń tẹ̀ lé báyìí, ẹran ara a sì máa gbọ̀n.

Ọ̀gá tèmi ní Ìkìrun, Oyèéṣílé, kì í sọ̀rọ̀.
Ó ní kí n máa wo ọwọ́ òun.
Ọdún méje ni mo fi wò ó.
Lọ́jọ́ kẹta tó kú, mo dúró níwájú irin,
mo ń retí ọwọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́: ojú kọ́kọ́rọ́ lára irin ẹ̀rọ ìfúnpo ẹ̀pà
ti Hàjíyà Lántánà ní Rìgásá.
Ó wọ́ díẹ̀. Mo fi fáìlì bá a wí, n kò jẹ́ kí Hàjíyà mọ̀.

Ìka àtijọ́ ń bẹ lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.
Hábílà ń fi í ro tíì. Mo ti kọ̀ fún un, ó ṣì ń ṣe é.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sára kẹ̀kẹ́ ọwọ́:
láti ibí dé ibí, ìrònú ni, mo sọ fún un,
má bínú sí i.
Lẹ́yìn ìlà kejì ni iṣẹ́ wà.